Ìkìlọ̀: ẹ ṣọ́ra fáwọn tó ń ta líǹkì fún "ojú ìwé àkọ́kọ́ Google"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní wẹ́bùsáìtì, ẹ dúró ná kẹ́ ẹ tó fowó ránṣẹ́. Àwọn tó ń ta líǹkì, ìyẹn ìjápọ̀ látorí ìkànnì ẹlòmíì sí tiyín, tí Google máa ń wò tó bá fẹ́ mọ ìkànnì tó máa gbé síwájú nínú èsì rẹ̀, ti tún gba orí WhatsApp kan. Ohun tí wọ́n ń sọ ò yí padà: "A ó fún yín ní líǹkì DA 50, ẹ ó dé ojú ìwé àkọ́kọ́ láìpẹ́." Gbájúẹ̀ ni.

DA (Domain Authority) tí wọ́n fi ń pariwo yẹn, máàkì tí wọ́n ń fún ìkànnì ni, ilé iṣẹ́ Moz ló sì ń ṣírò rẹ̀. Google kì í lò ó. Ìkànnì tí wọ́n sì máa ń fi líǹkì yín sí, ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ orúkọ ìkànnì àtijọ́ tí ẹni tó ni ín ti pa tì, tí wọ́n wá rà. Ẹ ṣí ọ̀kan wò: tẹ́tẹ́ lókè, oògùn ìsàlẹ̀ ikùn láàárín, bàtà nísàlẹ̀. Ta ló ń kà á?

Google ò ní kẹ́ ẹ má ra ìpolówó o. Ohun tó ní ni pé líǹkì tẹ́ ẹ bá sanwó fún gbọ́dọ̀ ní àmì rel="nofollow", tó ti wà láti 2005, tàbí rel="sponsored" tó dé ní 2019. Inú kóòdù líǹkì ni wọ́n ń kọ àmì yìí sí, kí Google lè mọ̀ pé wọ́n sanwó fún un. Àmọ́ líǹkì tó bá ti ní àmì yẹn kì í ṣe èyí tó máa gbé yín ga nínú èsì Google. Nítorí náà, ẹ bi olùtajà yín bóyá ó máa fi sponsored sí i. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ìlérí rẹ̀ ti já. Tó bá ní rárá, òfin Google ló fẹ́ kẹ́ ẹ rú, ìkànnì yín ni Google sì lè fìyà jẹ, kì í ṣe tiẹ̀.

Ẹ má rò pé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń mú un jẹ. Lóṣù Kejì 2011, ìwé ìròyìn New York Times tú àṣírí líǹkì tí wọ́n rà fún JC Penney, ilé ìtajà ńlá kan ní Amẹ́ríkà, Google sì já ìkànnì náà wálẹ̀ nínú èsì rẹ̀. Ní 2013, ó kan Interflora, àwọn tó ń ta òdòdó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: téèyàn bá tẹ orúkọ wọn gan-an sí Google, ìkànnì wọn ò jáde. Kódà ní 2012, Google já ojú ìwé Chrome, ètò ìṣíkànnì tiẹ̀ fúnra rẹ̀, wálẹ̀ fún ọgọ́ta ọjọ́, torí àwọn tó ń bá a polówó sanwó fún àpilẹ̀kọ tó ní líǹkì.

Lóde òní, ó sábà máa ń jẹ́ pé Google kàn máa fojú fo líǹkì náà ni, owó yín á sì wọgbó. Tó bá wá jẹ́ pé ìwé ìjìyà ló wọlé sí Search Console yín (ibi tí Google ti ń bá ẹni tó ni ìkànnì sọ̀rọ̀), ẹ máa ní láti mú kí wọ́n yọ líǹkì wọ̀nyẹn kẹ́ ẹ tó bẹ Google pé kó tún yín wò. Àwọn olùtajà kan tún ń gbowó lórí yíyọ yẹn náà.