Ìbọ̀sẹ̀ afúnsẹ̀ 15–20 mmHg (ìwọ̀n bó ṣe ń fúnni tó) fún ọ̀nà jíjìn: ó tó rà, àmọ́ ẹ wọn ẹsẹ̀ kí ẹ tó sanwó

Láti gáréèjì Utako l'Abuja dé Èkó, ìjókòó náà lé ní wákàtí 10. Bí ẹsẹ̀ bá ká kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ẹran ẹ̀yìn ojúgun kì í ti ẹ̀jẹ̀ sókè mọ́. Ẹ̀jẹ̀ á dúró sójú kan nínú iṣan, ó sì lè dì. Ọrùn ẹsẹ̀ ni ìbọ̀sẹ̀ yìí máa ń fún jù, á wá máa dẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé abẹ́ orúnkún, kí ẹ̀jẹ̀ lè rọ́nà padà sọ́kàn. Ìwádìí lára àwọn tó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sọ́nà jíjìn fi hàn pé ó ń dín ẹ̀jẹ̀ dídì kù.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò ni sáìsì. Ẹni tó ń tà á á wo bàtà yín, á ní "large" ni. Bàtà kọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n! Ẹ mú téèpù aránṣọ láàárọ̀, kí ẹsẹ̀ tó wú. Ẹ wọn ibi tó tín-ín-rín jù lókè kókósẹ̀, ibi tó nípọn jù lẹ́yìn ojúgun, àti gígùn láti ilẹ̀ dé ibi tí orúnkún ti ń ṣẹ́ lẹ́yìn, kí ẹ fi wé àtẹ tó wà lára páálí. Páálí tí kò bá kọ iye mmHg, ẹ kà á sí ìbọ̀sẹ̀ lásán. 20–30 mmHg ń fẹ́ àṣẹ dókítà.

Wíwọ̀ rẹ̀ le. Ẹ yí inú rẹ̀ síta dé gìgísẹ̀, ẹ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, kí gìgísẹ̀ jókòó dáadáa, kí ẹ tó máa fà á gòkè. Bó bá gùn jù, ẹ má ṣẹ́ etí rẹ̀ wálẹ̀ láé: ibẹ̀ á di okùn tó so ẹsẹ̀ pinpin, ẹ̀jẹ̀ tí ẹ fẹ́ kó gòkè á sé síbẹ̀.

Ooru Abuja kì í jẹ́ kó tuni lára, nítorí náà èyí tí iwájú rẹ̀ ṣí ló sàn. Omi tútù àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Hypo àti oòrùn ń pa rọ́bà rẹ̀. Bí ẹ bá ń wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, láàárín oṣù 3 sí 6 ó ti dẹ̀.

Kò yẹ ẹni tí àtọ̀gbẹ ti mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa kú, tàbí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kì í dé ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tàbí ṣe iṣẹ́ abẹ, kó kọ́kọ́ rí dókítà. Bí ọkọ̀ bá sì dúró ní Lokoja, ẹ sọ̀ kalẹ̀ rìn.

Ìbọ̀sẹ̀ yìí kò lè tú ẹ̀jẹ̀ tó ti dì. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó gbóná, tó ń dunni, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí èémí bá ṣàdédé ń gé, tàbí tí àyà ń dunni, ẹ̀jẹ̀ dídì náà lè ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́.