Carbon black tí wọ́n ti fi ásíìdì tọ́jú: ó tó owó ẹ̀ fún emulsion, kò tó o fún gílọ́ọ̀sì

Àwa tá a ń po ọ̀dà emulsion, ìyẹn ọ̀dà olómi, ní Àkúrẹ́ mọ wàhálà àwọ̀ eérú dáadáa. Ọ̀dà á dára nínú báàkẹ́ẹ̀tì, àmọ́ tí akunlé bá fi búrọ́ọ̀ṣì tọ etí fèrèsé, tó wá fi rólà kun àárín ògiri, àwọ̀ méjì lá hàn lára ilé kan ṣoṣo. Oníbàárà á ní ayédèrú lẹ tà fóun. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra carbon black, ìyẹn ìyẹ̀fun dúdú tá a fi ń po àwọ̀ eérú, èyí tí wọ́n ti fi ásíìdì tọ́jú, lọ́wọ́ ọlọ́jà kẹ́míkà kan lójú ọ̀nà Ọba Adésidà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti lásán tá a ń lò tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tẹ́ ẹ ń sanwó fún. Wọ́n máa ń fọ́n epo tó ki sínú iná tí atẹ́gùn ò tó nínú ẹ̀. Èyí tí kò jó tán nínú epo yẹn ló ń di ìyẹ̀fun dúdú. Hóró ẹ̀ ò ju nánómítà 10 sí 100 lọ, mílíọ̀nù kan nánómítà ló sì wà nínú mìlímítà kan. Bó ṣe kúnná tó yẹn ló ń jẹ́ kó dúdú kirikiri, òun náà ló ń jẹ́ kó máa dì mọ́ra. Bí ewé kókò ṣe ń ta omi nù ni ti lásán ń ṣe. Tí wọ́n bá wá fi ásíìdì náítíríìkì tàbí òsóònù jẹ ara ẹ̀, ọ́síjìn á lẹ̀ mọ́ ojú hóró náà, omi á sì ráyè bá a rẹ́.

Mo bu ṣíbí kọ̀ọ̀kan sínú ife omi méjì. Ti lásán léfòó. Mo rò ó títí, bí mo ṣe dẹwọ́ ló tún gbéra wá sókè. Ti tuntun ń sọ̀kalẹ̀ fúnra ẹ̀, dúdú ẹ̀ ń fà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sísàlẹ̀ ife. Mo ki bébà pH, tá a fi ń mọ bí nǹkan ṣe ní ásíìdì tó, bọ̀ ọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3; èyí tí kò bá tó 7 ló ní ásíìdì. Ti lásán sábà máa ń ju 7 lọ.

Ẹ má kàn dà á sínú emulsion bẹ́ẹ̀ o. Ẹ fi omi àti dispersant, ìyẹn kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí hóró dì mọ́ra, pò ó, kẹ́ ẹ máa kán amóníà sí i títí pH ẹ̀ á fi tó bíi 8 tàbí 9. Ìgbà yẹn làwọn hóró náà ń ti ara wọn sẹ́yìn, tí wọn ò ní padà dì. Mo wá pò ó mọ́ funfun, mo kùn ún sára pátákó, mo sì fi àtàǹpàkò gbo ojú kan nígbà tó ń gbẹ lọ. Ojú ibẹ̀ ò yàtọ̀ sí ìyókù rárá. Ti lásán, ṣe ni ibi tí mo gbo dúdú sí i, bí àwọ̀ méjì tí búrọ́ọ̀ṣì àti rólà máa ń fà yẹn. Inú mi dùn gan-an!

Àwọ̀ eérú ẹ̀ fà sí ràkọ̀ràkọ̀ díẹ̀, torí ó kúnná. Ẹni tí oníbàárà ẹ̀ bá fẹ́ èyí tó fà sí búlúù, kó wá èyí tí hóró ẹ̀ tóbi díẹ̀. Àwọn tó ń ṣe yíǹkì ìtẹ̀wé náà ń wá irú èyí tí mo rà, torí ó ń jẹ́ kí yíǹkì ṣàn. Fún gílọ́ọ̀sì, ìyẹn ọ̀dà olóròóró, ti lásán ni màá ṣì máa lò: carbon black máa ń fa kóbáàtì, ìyẹn kẹ́míkà tó ń mú kí ọ̀dà gbẹ, mọ́ra, èyí olówó gọbọi yìí ò sì bọ́ nínú ẹ̀.

Ohun tó dùn mí ni pé inú ọ̀rá lásán ni wọ́n wọ̀n ọ́n sí, kò sí orúkọ ilé iṣẹ́, kò sí nọ́ńbà gíréèdì. Kò dáa bẹ́ẹ̀, torí IARC, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí nípa jẹjẹrẹ, ti kà á mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ, ó sì yẹ kí ẹni tó ń bù ú mọ̀ pé kóun bo imú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ mú bébà pH dání, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n bu díẹ̀ sómi lójú yín kẹ́ ẹ tó sanwó.