Rìmóòtù tí mo fi ń ṣí búùtù Ìjàpá Bàámi, lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ

Ẹni tó bá ti wa Ìjàpá, ọkọ̀ Volkswagen kékeré yẹn, rí mọ̀ pé ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, iwájú ni búùtù. Bàámi ra tiwa ní 1979. Ilé-iṣẹ́ Volkswagen tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975 ní Ọ̀jọ́, létí òpópónà Èkó sí Àgbádárìgì, ni wọ́n ti tò ó, nítorí náà ọmọ ojú ọ̀nà wa yìí gan-an ni. Mi ò lè tà á láéláé. Ṣùgbọ́n inú píjìn-hóòlù ni ọwọ́ tí a fi ń fa kéébù búùtù rẹ̀ wà. Kí ẹrù tó wọlé, wàá kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn, wàá tẹ̀ wọ inú ọkọ̀, wàá ṣí píjìn-hóòlù, wàá fà á títí yóò fi dún "kó", kí o tó tún jáde lọ síwájú.

Màámi ló jẹ́ kí n wá nǹkan ṣe sí i. Ọjọ́ ọjà Agbalata ní Àgbádárìgì ni, òjò ń rọ̀, wọ́n ti gbé kẹ́ẹ̀gì òróró àgbọn méjì dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Èmi nà gbalaja sórí ìjókòó iwájú, mò ń fa ọwọ́ yẹn, kò dáhùn. Kí n tó yọjú, òjò ti rẹ gèlè wọn. "Rọra, ọkọ mi," ni wọ́n ń sọ. Ó dùn mí ju kí wọ́n bú mi lọ.

Bí mo ṣe gba Alábà lọ nìyẹn. Mo ra pátákó kékeré tó ń gbọ́ràn sí rìmóòtù, tó ń lo iná fóòlìtì 12 bíi ti bátìrì ọkọ̀, pẹ̀lú rìmóòtù méjì, ₦9,500. Mo ra sẹ́ńtírà lọ́ọ̀kì kan, ìyẹn èyí tó máa ń fa lọ́ọ̀kì ilẹ̀kùn ọkọ̀, ₦6,000. Wáyà, fíúsì àti rìléè ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún, ìyẹn súìṣì kékeré tí iná fúnra rẹ̀ ń tan tó sì ń pa, kó ₦4,000. Owó iṣẹ́ rìwáyà jẹ́ ₦15,000.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó bí mi nínú. Ẹni tó ta pátákó yẹn fún mi ní kí n kàn so wáyà mọ́ ọn, ó ti parí. Kò sí ìwé kankan nínú páálí. Èmi ni mo sì kọ́kọ́ dán an wò fúnra mi nílé. Mo tẹ rìmóòtù lẹ́ẹ̀kan, sẹ́ńtírà lọ́ọ̀kì fà, kò sì dẹ́kun fífà. Kò pẹ́ tí òórùn rọ́bà jíjóná fi gba imú mi. Irin pénpé kan wà lórí pátákó náà tí wọ́n fi ń yan bí yóò ṣe ṣiṣẹ́: bóyá kó ṣiṣẹ́ nígbà tí ìka bá wà lórí bọ́tìnnì nìkan, tàbí kó máa ṣiṣẹ́ lọ títí wọn yóò fi tún tẹ̀ ẹ́. Èkejì ni wọ́n fi ti tèmi sí láti ibi tó ti wá. Sẹ́ńtírà lọ́ọ̀kì kò sì lè gba iná ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Mo padà sọ́dọ̀ ọlọ́jà, ó ní òun kì í gba ohun tó ti jóná. Mo san ₦6,000 mìíràn. Bí ẹ bá ra irú rẹ̀, ibi irin pénpé yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó so wáyà kan.

Ìgbà yẹn ni mo gbé e lọ fún bàbá kan tó ti ń ṣe rìwáyà ọkọ̀ níbí láti ìgbà tí mo wà ní kékeré. Wọn ò tiẹ̀ wo rìmóòtù tí mo nà sí wọn. Wọ́n jókòó, wọ́n fi ìka fa ọwọ́ búùtù, wọ́n ní, "Kéébù yín ló ń ṣàìsàn. Iná wo ló fẹ́ fa eléyìí?" Wọ́n yọ ọ́ jáde nínú ọ̀pá rẹ̀. Ó ti pọ́n bí epo pupa láti òkè dé ilẹ̀. Atẹ́gùn òkun àti ti ọ̀sà kì í jẹ́ kí irin sinmi níbí. Wọ́n fi kẹrosíìnì nù ún, wọ́n fi yanrìn-pépà ha á díẹ̀díẹ̀, wọ́n wá fi gíríìsì sáàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, wọ́n ń fa kéébù gba àárín rẹ̀ bí ẹni tó ń ran òwú. Nígbà tí wọ́n dá a padà, ìka kékeré ni mo fi ṣí búùtù. Ká ní mo ti tọ́jú kéébù yìí tẹ́lẹ̀, òjò ọjọ́ Agbalata ì bá má mú wa. Sẹ́ńtírà lọ́ọ̀kì kò lágbára púpọ̀, bí kéébù bá gbẹ, yóò kàn máa kùn ni.

Ohun méjì tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé owó mi kò ṣòfò. Táńkì bẹntiróòlù Ìjàpá wà níwájú, lábẹ́ búùtù. Rìléè sì máa ń ta iná pàrà nínú nígbà tó bá ń so tàbí tó bá ń já. Wọn ò gbé ohun kankan tó lè ta iná síwájú. Abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ni pátákó àti rìléè wà, ẹ̀yìn píjìn-hóòlù ni sẹ́ńtírà lọ́ọ̀kì wà, kéébù àtijọ́ yẹn náà ló sì ń fà. Ọwọ́ ìfà kò kúrò níbi tó wà.

Èkejì: etí iwájú ni búùtù Ìjàpá ti ń ṣí, ẹ̀gbẹ́ gíláàsì ni ìdè rẹ̀ wà. Bó bá ṣí lórí eré, atẹ́gùn lè gbé e bo ojú ẹni tó ń wakọ̀. Ìkọ́ kejì wà níwájú tó yẹ kó dì í mú, wọ́n sì tún un ṣe, ṣùgbọ́n wọn ò gbára lé e nìkan. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì wà. Ibẹ̀ ni wáyà ti wá, fíúsì áńpíà 10 wà lẹ́bàá bátìrì, ó wọ ẹsẹ̀ tí wọ́n kọ 30 sí lára rìléè, ó gba ẹsẹ̀ 87a lọ sí pátákó. Iná kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wá wọ ẹsẹ̀ 85, ẹsẹ̀ 86 lọ sí ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ara irin ọkọ̀. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ti tan, rìléè á já iná pátákó kúrò pátápátá. Mo tan kọ́kọ́rọ́, mo tẹ rìmóòtù nígbà ogún, kò mira. Mo pa á, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan: "kó!"

Ó ti pé oṣù mẹ́jọ. Láti nǹkan bí ogún ìṣísẹ̀, ó ń gbọ́, kódà láàárín èrò ọjà. Mo fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, bátìrì kú. Ó ti gbó díẹ̀, ṣùgbọ́n pátákó náà ń mu iná díẹ̀díẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ọwọ́ ìfà ni mo fi ṣí búùtù lọ́jọ́ náà, mo sì dúpẹ́ pé a ò yọ ọ́. Kóòdù kan náà ni rìmóòtù olówó pọ́ọ́kú báyìí máa ń sọ nígbà gbogbo, ẹ̀rọ mìíràn lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀, nítorí náà mi ò fi owó tàbí ìwé sínú búùtù. Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún iṣẹ́ náà, méjì péré ni mo fún pátákó.

Bọ́tìnnì rẹ̀ tún rọ̀ jù. Nínú àpò mi, ó ti tẹ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo jí láàárọ̀ mo bá búùtù ní ṣíṣí. Inú agolo mílíìkì tí Màámi ń kó ṣẹ́ńjì sí ni wọ́n fi rìmóòtù tiwọn sí, kò ṣe irú ẹ̀ fún wọn rí. Bí wọ́n bá ti ń bọ̀ lókèèrè lọ́jọ́ ọjà, mo ti máa ń gbọ́ owó tó ń dún nínú agolo, búùtù á sì ṣí kí alábàárù tó dé.