Rate controller sípúréyà: ẹ̀rọ yẹn dáa gan-an, wáyà ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bèèrè bóyá kọntirólà yìí, ẹ̀rọ tó ń díwọ̀n oògùn tí sípúréyà ń fọ́n sóko, dáa, bẹ́ẹ̀ ni, ó dáa, mo lè tún un rà lọ́la, àmọ́ wáyà tí wọ́n kó pẹ̀lú ẹ̀ sínú páálí fẹ́rẹ̀ẹ́ gba adùn ẹ̀ lẹ́nu mi. Sípúréyà tó ń dá rìn fúnra ẹ̀ ni mo so ó mọ́, kì í ṣe èyí tí tirakítọ̀ ń fà, bọ́ọ̀mù ẹ̀, ìyẹn apá gígùn tí oògùn ń gbà jáde, sì pín sọ́nà márùn-ún.

Tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ni mo fi ń yí pressure, ìyẹn agbára tó ń ti oògùn jáde. Tí mo bá ń gun òkè, ọkọ̀ á rọra, oògùn ò ní yéé jáde bó ṣe ń jáde, ibẹ̀ á gba ju bó ṣe yẹ lọ, kó tó pẹ́ ewé á ti máa pọ́n. Kọntirólà yìí ló gbà mí lọ́wọ́ ìyẹn. GPS ló fi ń mọ eré tí ọkọ̀ ń sá, ó ń ka iye omi tó ń gba inú flow meter kọjá, á wá ṣí fáàfù sí i tàbí kó pa á dé díẹ̀, kí iye lítà tó ń bọ́ sórí hẹ́kítà kan má yí padà. Ó ṣe é dáadáa, mi ò ní parọ́.

Tóò, ó ku wáyà. Ìwé tó bá a wá ní ká mú iná láti inú àpótí fíúsì, ká sì de nẹ́gátífù mọ́ bọ́dì ọkọ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Kí n tó tan páǹpù, gbogbo ẹ̀ pé. Bí mo ṣe tan páǹpù báyìí, 100 lítà fún hẹ́kítà tó wà lójú kọntirólà fò lọ sí 160, ó já wá sí 40, fáàfù ń ṣí ó ń pa dé bí ẹni tí ibà ń gbọ̀n. Flow meter ni mo kọ́kọ́ fura sí, mo tú u, mo fẹ́ atẹ́gùn sí abẹ̀bẹ̀ kékeré inú ẹ̀, ó ń yí geere. Ìgbà tí mo gbé mítà sí i ni àṣírí tú, 13.8 volt lórí bátìrì tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ 11.2 péré lẹ́yìn kọntirólà tí fáàfù márààrún tó wà fún ọ̀nà márùn-ún bọ́ọ̀mù bá ṣí. Ọ̀dà ló wà lábẹ́ bóòtù tí mo de nẹ́gátífù mọ́, kò kan irin rárá, kílọ́ọ̀ṣì páǹpù, ohun oníná tó ń so páǹpù mọ́ ẹ́ńjìnnì, náà tún wà lórí iná yẹn kan náà.

Mo fa wáyà tó nípọn, pósítífù àti nẹ́gátífù, tààrà lọ sórí bátìrì, mo sì fi fíúsì sí ìtòsí pósítífù níbẹ̀. Wáyà flow meter, mo yọ ọ́ kúrò lára wáyà kílọ́ọ̀ṣì tí wọ́n jọ di pọ̀. Láti ọjọ́ yẹn nọ́mbà dúró ṣinṣin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn lọ́ wáyà pọ̀ kẹ́ ẹ fi tẹ́ẹ̀pù wé e o, oògùn máa wọ ibẹ̀, kọ́pà á dàwọ̀ ewé, ẹ máa wá ohun tó ń ṣe é títí. Níbi tí bọ́ọ̀mù ti ń ká, ẹ jẹ́ kí wáyà dẹ̀ díẹ̀ kó má baà já.

Ẹ má ju ìwé kékeré tí wọ́n so mọ́ flow meter nù, nọ́mbà tó wà lórí ẹ̀ lẹ máa tẹ̀ sínú kọntirólà kó lè mọ iye omi tó ń kọjá. Kẹ́ ẹ tún fojú ara yín rí i: 100 lítà fún hẹ́kítà, 12 kilomita ní wákàtí, kí nọ́sù, ìyẹn ẹnu kékeré tí oògùn ń gbà fọ́n jáde, fi 50 sẹ̀ǹtímítà jìnnà síra, lítà kan gééré ló yẹ kí nọ́sù kọ̀ọ̀kan tú jáde ní ìṣẹ́jú kan. Mo gbé jọ́ọ̀gì oníwọ̀n sábẹ́ ẹ̀, 940 mililita ni mo bá, mo wá tún nọ́mbà yẹn ṣe.

Ohun kan tí ìwé wọn ò sọ ni pé tẹ́ ẹ bá sá eré ní ìlọ́po méjì, oògùn náà gbọ́dọ̀ jáde ní ìlọ́po méjì, pressure sì máa di ìlọ́po mẹ́rin, 2 bar á di 8, oògùn á máa jáde bí ìrì, atẹ́gùn á gbé e lọ. Kọntirólà ò lè gbà yín lọ́wọ́ ìyẹn, nọ́sù ńlá lẹ máa pààrọ̀ sí tàbí kẹ́ ẹ rọra wa ọkọ̀.

Pùlọ́ọ̀gù flow meter tó wà lábẹ́ táǹkì ò ní ìdérí rọ́bà kankan. Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó tà á, wọ́n ní àwọn máa fi ránṣẹ́, mo ṣì ń retí ẹ̀.