Abẹ́rẹ́ adalimumab fún làkúrègbé: oṣù 14 rèé tí mo ti ń gún un

Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn tó ń bi mí nípa abẹ́rẹ́ yìí ti pọ̀, ẹ jẹ́ kí n kúkú kọ ọ́ síbí. Irun ni mò ń dì ní Peckham, ọwọ́ yìí ni mo fi ń jẹun. Nígbà tí rheumatoid bẹ̀rẹ̀, ìyẹn làkúrègbé tó ń mú ọmọdé mú àgbà, tí mo bá jí láàárọ̀ ìka mi á ti wú bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, mi ò ní lè pa á dé títí aago mẹ́wàá á fi lù, ìdérí ìgò epo lásán-làsàn, ọmọ mi ọlọ́dún 7 ló ń bá mi ṣí i.

Methotrexate, oògùn làkúrègbé mìíràn, ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó dín in kù àmọ́ kò tó. Nọ́ọ̀sì kan wá jókòó tì mí, ó ṣàlàyé TNF fún mi. Pùròtéènì ni, àwọn sójà inú ara ló ń tú u jáde tí kòkòrò àrùn bá wọlé, bí ìgbà tẹ́nì kan bá figbe ta lóru pé "olè! olè!", gbogbo àdúgbò á tú jáde, ẹ̀jẹ̀ á ya lọ síbẹ̀, ibẹ̀ á gbóná á sì wú. Nǹkan dáadáa ni o, òun ló ń gbà wá. Àmọ́ nínú àìsàn tèmi yìí olè kankan ò sí ńlẹ̀, ẹni tó ń ké ò sì dákẹ́, àwọn tó jáde wá kọjú sí onílé, wọ́n ń jẹ eegun oríkèé díẹ̀díẹ̀. Adalimumab á rọ̀ mọ́ TNF yẹn pinpin, kò ní lè jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an mọ́.

London níbí náà ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn méjì, Marc Feldmann àti Ravinder Maini, ti kọ́kọ́ dán irú ìtọ́jú yìí wò lára àwọn oní-làkúrègbé, ní Charing Cross Hospital lọ́dún 1992, infliximab, oògùn mìíràn tó ń dí TNF, ni wọ́n lò nígbà yẹn. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé tí wọ́n bá ti mú TNF nìkan dè, àwọn pùròtéènì ẹgbẹ́ ẹ̀ tó ń mú ara wú, bí IL-1 àti IL-6, náà á rọlẹ̀.

Lílo adalimumab ò le. 40 mg, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ó dà bíi bírò ńlá. Mo máa ń yọ ọ́ nínú fíríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó kàn mí, torí tó bá tutù ó ń ta bí agbọ́n. Mo fún awọ itan pọ̀, mo tẹ̀ ẹ́, ó dún kàá, mo kà dé 10, ojú fèrèsé kékeré ara ẹ̀ á di yẹ́lò, ó parí. Lọ́sẹ̀ kẹfà mo jí lọ́jọ́ Sátidé, mo ti wé gèlè tán kí n tó rántí pé bí oṣù mẹ́sàn-án rèé tí mi ò ti lè dá a wé. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà rèé. TNF yìí kan náà ló ń bá ara mọ odi yí kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ ká. Ọ̀pọ̀ wa tá a dàgbà nílé, ó lè ti máa sùn nínú ẹ̀dọ̀fóró wa láti kékeré, tẹ́ ẹ bá dí TNF, odi yẹn lè wó. Ìdí tí wọ́n fi gba ẹ̀jẹ̀ mi nìyẹn, tí wọ́n ya ẹ̀sírè àyà, tí wọ́n tún yẹ hepatitis B wò. Tèmi wà níbẹ̀ tó ń sùn lóòótọ́, mo ní láti kọ́kọ́ lo oògùn ẹ̀ ná. Ó sú mi nígbà yẹn torí ọwọ́ ń ro mí, àmọ́ ẹ má gbà kẹ́nikẹ́ni fo àyẹ̀wò yẹn fún yín.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún un. Mi ò fún un ní 5 torí àwọn tó ń gbé e wá sílé, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti pẹ́ dé, ẹ̀ẹ̀kan wọ́n gbé e kalẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn nínú oòrùn, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ tó yẹ kó wà nínú fíríìjì, láàárín 2 sí 8 °C, ni, mo ní láti dá a padà. Tẹ́ ẹ bá sì ń lọ sílé, tó jẹ́ pé ẹ ò tíì gba àjẹsára yellow fever rí, ẹ gbà á kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ tí dókítà bá gbà bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó ń lo abẹ́rẹ́ yìí kì í gbà á mọ́. Láti 2016, káàdì ẹ̀ ti di ti gbogbo ayé ẹni.