Jíìpù oníná tàbí elépo: èwo ló yẹ ẹni tó ń wakọ̀ kúrò lórí títì?

Kí ẹ tó béèrè bí ẹ́ńjìnì jíìpù kan ṣe lágbára tó, ẹ kọ́kọ́ wọn ọ̀nà yín. Láti ibi tí ẹ ti máa rí epo tàbí iná gbẹ̀yìn, kìlómítà mélòó lẹ máa rìn nínú ẹrẹ̀, iyanrìn tàbí lórí àpáta kí ẹ tó tún rí òmíràn? Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra ọkọ̀ kì í ṣe ìṣirò yìí. Wọ́n á wo fídíò ibi tí ọkọ̀ ti ń gun òkè, wọ́n á gbọ́ bó ṣe ń sáré tó, wọ́n á sì sanwó. Lójú tèmi, ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ló yẹ kó yan ọkọ̀ fún yín, torí pé nínú ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn, jíìpù oníná ti bá elépo dọ́gba, ó sì ti jù ú lọ níbòmíràn.

Orí àpáta àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Iná ló borí níbí, mi ò ní fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ẹ́ńjìnì elépo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí dáadáa kí agbára rẹ̀ tó jáde. Ìdí nìyí tí jíìpù elépo gidi fi máa ń ní jíà àfikún tó ń sọ eré di ìrìn ìjàpá kí ọkọ̀ lè fa ara rẹ̀ gòkè. Mọ́tọ̀ oníná ní tirẹ̀ ti kó gbogbo agbára rẹ̀ sílẹ̀ kí táyà tó yí rárá. Ẹ fẹsẹ̀ kàn án díẹ̀, á sún díẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ní mọ́tọ̀ mẹ́rin, ọ̀kan fún táyà kọ̀ọ̀kan, bíi ti Rivian R1T tó jáde ní 2021 tàbí Mercedes G 580 ti 2024, kọ̀ǹpútà á dín agbára táyà tó ń yí lófo kù, á sì fi kún ti èyí tó di ilẹ̀ mú, kí awakọ̀ tó mọ̀ pé ọkọ̀ fẹ́ yọ̀.

Tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, mọ́tọ̀ yìí kan náà ló ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn, tó sì ń dá iná padà sínú bátìrì, bíréèkì kò ní gbóná jù. Àmọ́ bí bátìrì bá kún dẹ́nu, kò sí àyè tí iná náà máa wọ̀, ìfàsẹ́yìn yẹn á sì dín kù. Ẹni tó ń gbé orí òkè, tó ń fi iná kún ọkọ̀ mọ́jú, kó máa fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀.

Ní ti òkè gíga, ẹ́ńjìnì elépo ń mí bí èèyàn. Èyí tí kò bá ní turbo, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ kún inú ẹ́ńjìnì, máa ń pàdánù nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 agbára rẹ̀ ní gbogbo 300 mítà tó bá gùn. Mọ́tọ̀ oníná kì í mí, kò sì mọ̀ pé òkè ga.

Omi, òkúta àti ìwúwo

Ẹ̀rù omi ló máa ń ba àwọn èèyàn jù, ẹ̀rù náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ nídìí. Wọ́n ti dí bátìrì àti mọ́tọ̀ pa, kò sì sí ihò ìmí tí omi lè gbà wọlé ba ẹ́ńjìnì jẹ́. Mercedes G 580 lè la omi tó jìn tó 850 mílímítà kọjá, nígbà tí G elépo dúró sí 700. Ohun tó yẹ kó dẹ́rù bà yín ni òkúta, torí abẹ́ ọkọ̀ ni bátìrì wà. Ẹ dọ̀bálẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó ra. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe ààbò náà, bó ṣe nípọn tó, àti iye tí wọ́n á gbà bí bátìrì bá fara gbọta.

Lẹ́yìn náà ni ìwúwo. R1T lé ní 3,000 kílò, Hummer oníná sì lé ní 4,000. Lórí àpáta, ìwúwo tó wà nísàlẹ̀ yẹn ń ran ọkọ̀ lọ́wọ́ kó má dojú dé. Nínú ẹrẹ̀, ṣe ló ń rì í. Ọkọ̀ tó fẹ́ fà yín jáde gbọ́dọ̀ lágbára, okùn náà gbọ́dọ̀ yi, afárá onípákó sì lè má gbà yín.

Epo inú kẹ́ẹ̀gì

Ibí lọ̀rọ̀ wà. Lítà dísẹ́ẹ̀lì kan ní nǹkan bí 10 kWh nínú, ìyẹn ìwọ̀n tí mítà ilé fi ń ka iná. Kẹ́ẹ̀gì 20 lítà jẹ́ 200 kWh, epo inú rẹ̀ kò sì wúwo ju nǹkan bí kílò 17. Lóòótọ́, ooru ni ẹ́ńjìnì ń sọ púpọ̀ nínú rẹ̀ dà. Ká ní ìdá kan nínú mẹ́ta ló dé ọ̀dọ̀ táyà, ó ṣì tó 65 kWh. Bátìrì tó máa gbé irú iná bẹ́ẹ̀ á lé ní 400 kílò. Ẹnì kan lè gbé kẹ́ẹ̀gì méjì wá bá yín láàárín aginjù, àmọ́ ta ló máa gbé bátìrì wá?

Ẹ wo Toyota Land Cruiser 70, tí wọ́n ti ń ṣe láti 1984. Púpọ̀ nínú wọn ní táǹkì 130 lítà, tó lè gbé e rin nǹkan bí 1,000 kìlómítà lórí ọ̀nà tó dára. Nǹkan bí 500 ni wọ́n kọ fún R1T àkọ́kọ́, títì sì ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Iyanrìn rírọ̀ lè gé e sí ìdajì. Ẹrù tí ẹ so mọ́ ẹ̀yìn náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, òtútù líle á sì tún bù nínú rẹ̀. Síbẹ̀, bó bá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ lẹ ń gun àpáta látàárọ̀ dalẹ́, oníná kì í jẹ iná púpọ̀, torí pé bó bá dúró, kò jẹ nǹkan kan fún ìrìn. Elépo ń mu epo lórí ìdúró.

Nínú eré ìje Dakar ti 2024, ní aginjù Saudi Arabia, Audi RS Q e-tron tí Carlos Sainz wà ló gba ipò kìíní. Mọ́tọ̀ oníná ló ń yí táyà rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì epo wà nínú rẹ̀ bíi jẹnẹrétọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa fún bátìrì ní iná. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ yẹn kò bá ìṣirò kẹ́ẹ̀gì jiyàn.

Àwọn tó wà láàárín

Háíbíríìdì, ìyẹn ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnì epo àti mọ́tọ̀ oníná pọ̀, pín sí oríṣi méjì. Jeep Wrangler 4xe ti 2021 ní bátìrì 17 kWh, tó lè gbé e rin nǹkan bí 35 kìlómítà láìmu epo. Ó dára fún ẹni tí ibi eré rẹ̀ wà nítòsí. Bí iná yẹn bá tán, ẹrù bátìrì lẹ kàn ń gbé kiri. Oríṣi kejì ni èyí tó ṣe bíi ti Audi yẹn: mọ́tọ̀ ń yí táyà, ẹ́ńjìnì ń pèsè iná. Yangwang U8 ti BYD jẹ́ ọ̀kan. Bí mo bá fẹ́ ra háíbíríìdì fún ìgbẹ́, èyí ni màá wò.

Bẹntiróòlù dára fún ẹni tó fẹ́ eré àti owó ìrajà tó kéré, ṣùgbọ́n ó ń mu jù. Ọkọ̀ onígáàsì, sílíńdà á gba àyè ẹrù. Ẹ fi í sílẹ̀.

Owó àti àtúnṣe

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Jíìpù oníná wọ́n nígbà ìrajà, kò sì ní ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tẹ́ ẹ ó máa pààrọ̀. Ṣùgbọ́n bátìrì 135 kWh lórí ṣájà ilé tó jẹ́ 7 kW máa gba nǹkan bí wákàtí 20. Wọ́n sì máa ń sọ pé mẹkáníìkì èyíkéyìí lè tún dísẹ́ẹ̀lì ṣe. Ti àtijọ́ nìyẹn. Omi díẹ̀ nínú epo lè ba ẹ̀rọ tó ń fọ́n epo nínú dísẹ́ẹ̀lì òde òní jẹ́, ìrìn jẹ́jẹ́jẹ́ nígbà gbogbo sì ń dí ohun tó ń sẹ́ èéfín rẹ̀. Ní ti oníná, wáyà aláwọ̀ ọsàn inú rẹ̀ ń gbé iná tó lè pa èèyàn. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ rẹ̀ fọwọ́ kàn án, ẹ sì bi ẹni tó ń tà á bí wọ́n ṣe ń wọ́ ọ bó bá kú, torí púpọ̀ nínú wọn kò gbọ́dọ̀ fi táyà wọ́lẹ̀.

Ẹni tó ń sùn nílé lálaalẹ́, tó ń fi jíìpù ṣiṣẹ́ oko tàbí gun òkè lópin ọ̀sẹ̀, kó ra oníná. Ẹni tó ń wọ ìgbẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, kó ra dísẹ́ẹ̀lì. Bí ọkàn yín bá ṣì ń ṣe méjì, ẹ ní kí wọ́n yá yín ní oníná náà fún ọjọ́ kan gbáko. Ẹ kó gbogbo ẹrù yín sí i, ẹ wà á dé ibi tó jìnnà jù lọ́nà yín, kí ẹ wo bátìrì níbẹ̀. Bó bá ṣì ku ìdá 60 nínú 100, ẹ rà á. Bó bá ti wọlẹ̀ dé 50, ẹ dá kọ́kọ́rọ́ padà fún wọn.