Ìyàwó ọ̀ṣìngín ní Zanzibar: àwa dé, sàǹdúkù ò dé

Mi kì í kọ àgbéyẹ̀wò. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé bí iyọ̀ ọbẹ̀ bá pọ̀ jù, omi ni màá kàn mu lé e. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí bàbá awakọ̀ kan tí mi ò rí rí dúró dè wá fún wákàtí mẹ́fà ní pápákọ̀ òfurufú Zanzibar, erékùṣù kan ní Tanzania, nígbà tí ejẹ́ǹtì tó gbowó wa l'Ékòó kò gbé fóònù, mo ti ń kọ èyí lọ́kàn kí a tó dé òtẹ́ẹ̀lì.

Wọ́n so yìgì wa n'Ìbàdàn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọjọ́ Ajé la fẹ́ gbéra n'Ìkẹjà, kí a pààrọ̀ bàálù lójú ọ̀nà, kí a sì dé Zanzibar láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ejẹ́ǹtì yẹn ló bá wa ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀: tíkẹ́ẹ̀tì, òtẹ́ẹ̀lì alẹ́ márùn-ún, ọkọ̀ tí yóò wá gbé wa. Ẹnu rẹ̀ dùn títí a fi sanwó tán. A dé kántà, ọmọ tó ń yẹ ìwé wò ní inṣọ́ránsì Zanzibar wa dà? Inṣọ́ránsì wo? Àṣé láti oṣù October 2024 ni wọ́n ti sọ ọ́ di dandan fún àlejò tó bá ń ti òkè òkun bọ̀, dọ́là 44 lórí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ iléeṣẹ́ ìjọba wọn lọ́hùn-ún lèèyàn sì ti ń rà á. Èyí tí ẹ bá rà nílé kò kàn wọ́n. A dúró lórí ìlà, èrò ń kùn lẹ́yìn wa, ọkọ mi ń tẹ nọ́ńbà káàdì báǹkì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já. Mo pe ejẹ́ǹtì. Ó ní, "Áà, àǹtí mi, mo rò pé ẹ mọ̀ ni." Ìgbà tó gbé fóònù wa kẹ́yìn nìyẹn.

Bàálù aago kan ọ̀sán ni. Aago kan di mẹ́rin, mẹ́rin di mẹ́jọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó wọ jákẹ́ẹ̀tì òṣìṣẹ́, òun ni kí ó máa dá wa lóhùn. Bí èrò kan bá ti dìde tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí, á gbé rédíò ọwọ́ rẹ̀ sétí, á máa mi orí. Mo wo rédíò yẹn dáadáa: iná ara rẹ̀ ò tàn. Mo bi í pé, "Àbúrò, ṣé a ó ṣì bá bàálù kejì lọ́hùn-ún?" Ó ní, "Mà, ẹ fọkàn balẹ̀, wọ́n á dúró dè yín." Nígbà tó di aago méje wọ́n pín míìtì páì. Ẹyọ kan ni wọ́n fún èmi àti ọkọ mi. Mo ní ẹni méjì ni wá. Ó ní orúkọ àwa méjèèjì wà lórí ìwé kan ṣoṣo. Ìyàwó ọjọ́ kejì, mo ń pín míìtì páì sí méjì pẹ̀lú ìka tí làálì rẹ̀ ṣì pọ́n fòò. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní ìdajì tòun ló tóbi. Mi ò rẹ́rìn-ín.

Aago mẹ́wàá òru kọjá kí a tó fò. Kò sí bàálù kankan tó dúró dè wá lọ́hùn-ún. Odindi ọjọ́ Ìṣẹ́gun, orí àga la jókòó sí, orí àga la sùn sí. Obìnrin tó tún tíkẹ́ẹ̀tì wa ṣe kò gbójú sókè wò mí lẹ́ẹ̀kan. Mo jókòó, mo ka gbogbo òṣìṣẹ́ tí a ti bá sọ̀rọ̀ láti Ìkẹjà: mọ́kànlá. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹyọ kan tó sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́. Kì í ṣe owó ni mo ń wá lọ́wọ́ wọn lásìkò yẹn o. Pẹ̀lẹ́ ni.

Aago mẹ́ta ọ̀sán Ọjọ́rú la dé Zanzibar. Bẹ́líìtì ẹrù yí, ó yí, ó dúró. Ẹrù wa ò sí níbẹ̀. A kọ fọ́ọ̀mù, a jáde lọ́wọ́ òfìfo, èmi tí mo ti wọ bùbá kan náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá kan wà níta, wọ́n dé fìlà pẹlẹbẹ, wọ́n mú páálí tí wọ́n kọ orúkọ ọkọ mi sí dání, igun páálí náà ti rọ nítorí òógùn. A béèrè bóyá wọ́n ti pẹ́. Wọ́n ní láti saa tatu ni. Wọ́n na ìka mẹ́ta, wọ́n wá fi ìka náà tẹ aago ọwọ́ wọn níbi tí a kọ mẹ́sàn-án sí.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn tó ń sọ Swahili, èdè ibẹ̀, ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ni wọ́n ti ń ka wákàtí. Aago méje àárọ̀ tiwa ni wákàtí kìíní tiwọn. Ejẹ́ǹtì wa kàn fi "3" ránṣẹ́ sí òtẹ́ẹ̀lì, kò sọ ti àárọ̀ tàbí ti ọ̀sán, òtẹ́ẹ̀lì sọ fún bàbá ní wákàtí kẹta, ni bàbá bá dé ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Wọn ò padà sílé. Wọ́n ní àlejò ń bọ̀, ibo làwọn fẹ́ lọ?

Wọ́n wo ẹ̀yìn wa, wọn ò rí ẹrù. Wọ́n ní, "Sanduku?"

Sàǹdúkù! Bí ìyá ìyá mi ṣe ń pe àpótí onírin abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn gẹ́lẹ́. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi, ó di ẹkún. Bàbá na ọwọ́ méjèèjì, wọ́n ní, "Pole. Pole sana."

Mo yíjú sí ọkọ mi: ṣé pẹ̀lẹ́ ni wọ́n sọ yẹn? Pẹ̀lẹ́ ni. Ohun kan náà ni wọ́n ń lò ó fún. Bí wọ́n bá sì fẹ́ sọ pé kí nǹkan máa lọ jẹ́jẹ́, pole pole ni. Sàǹdúkù, ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ni àwa àti àwọn ti rí i, mo gbà. Ti pẹ̀lẹ́ yìí, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni là á yé mi. Mo kúnlẹ̀ kí bàbá lójú èrò. Wọ́n ta gìrì, wọ́n fà mí dìde, wọ́n ní "shikamoo" ni ọmọdé ń wí fún àgbà níbẹ̀, àwọn á sì dáhùn "marahaba". Láti ibẹ̀ dé etíkun ìlà-oòrùn, bíi wákàtí kan, ẹ̀kọ́ shikamoo la kọ́, àfi ìgbà tí wọ́n rọra tẹ búréèkì ní igbó Jozani kí ọ̀bọ onírun pupa kan lè sọdá.

Òtẹ́ẹ̀lì náà mọ́, ó tutù, ẹ̀yin náà ti rí fọ́tò irú rẹ̀. Obìnrin tó wà ní kántà rí bùbá mi, kò béèrè nǹkan kan, ó wọ yàrá lọ, ó mú kanga wá, aṣọ wọn tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sí létí. Mo ró o bí a ṣe ń róṣọ nílé, àwọn obìnrin ìdáná jáde wá wò mí. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni "Haraka haraka haina baraka": ìkánjú kò ní àlùbáríkà. Mo fẹ́ sọ pé kí wọ́n lọ kà á sétí àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú wa, mo wá rántí pé àwọn yẹn ti gbọ́ ọ jù.

Nǹkan tó tún bí mi nínú: mo jí lọ́jọ́ kejì, òkun ò sí. Iyanrìn funfun lọ títí ojú mi ò fi tó o mọ́, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ń so ewé inú òkun mọ́ okùn àti igi. Oko wọn nìyẹn. Nínú fọ́tò ejẹ́ǹtì, omi kún dé ẹnu ọ̀nà. Mo lọ bá obìnrin kántà pé òkun tí mo sanwó rẹ̀ dà? Ó tọ́ka sí ìwé kan lára ògiri, wákàtí tí òkun ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó ń fà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ó sì ń fi bíi àádọ́ta ìṣẹ́jú pẹ́ sí i lójoojúmọ́. Ẹni tó bá fẹ́ omi nígbà gbogbo, kí ó lọ sí Nungwi tàbí Kendwa ní àríwá. Ejẹ́ǹtì gidi ì bá ti sọ èyí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹta, èmi ni mo ń jí ọkọ mi pé kí a lọ rìn lórí ilẹ̀ òkun kí onílé tó dé. Ẹ wọ bàtà o, ẹ̀gún inú omi wà.

Stone Town, àdúgbò àtijọ́ inú ìlú Zanzibar, ẹ fún un ní odindi ọjọ́ kan. Ọjà ẹrú tí wọ́n tì pa ní 1873 wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ló wà lórí ilẹ̀ náà báyìí; ẹni tó bá ti dé Àgbádárìgì rí mọ bí ara ṣe ń rí. Lóko èròjà, wọ́n fún mi ní karafuu gbóòórùn, mo ní kànáfùrù ni, ẹni tó ń mú wa kiri bú sẹ́rìn-ín. Oúnjẹ wọn ń ta sánsán, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará mi, ata ò sí nínú pilau, ìrẹsì wọn, yẹn. Olóòórùn ni, kì í ṣe aláta.

Wọ́n ní Àlàmísì ni ẹrù ń bọ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ló dé, síìpù ti bẹ́, wọ́n fi okùn dì í. Bàbá awakọ̀ ló gbé e wá. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbé e sókè, wọ́n pariwo, "Sàǹdúkù!" bí ará Ìbàdàn.

Owó alẹ́ kan tí a pàdánù ṣì wà lọ́wọ́ ejẹ́ǹtì. Ó fi ohùn ránṣẹ́ pé kí a ṣáà máa gbádùn ara wa. Àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú fún wa ní nọ́ńbà ẹ̀sùn, nọ́ńbà náà ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Máàkì: 4 nínú 5. Ọkọ mi ní ṣé orí mi pé, lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo kọ yìí? Ọ̀kan tí mo yọ kì í ṣe ti bàálù. Ata gígún tí ìyá mi dì fún wa, inú sàǹdúkù ló wà. Ká ní ó bá wa dé lỌ́jọ́rú ni, 5 ni.